Kùdírátù àti Abánidíje Rẹ̀ Lórí Òkun

Orúkọ Kùdírátù Sàláwù ni wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́dún náà. Inú gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Orégùn ni, níbi tí wọ́n ti máa ń yẹ́ àwọn dílà tó bá tajà jù sí. Kùdírátù ti ń ta ọ̀dà ní Agége láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, síbẹ̀ ó jókòó bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Ọmọ náà, Màríàm, tó ti jáde yunifásítì báyìí, ló gbún un ní ìgbọ̀nwọ́.

"Mọ́mì, ẹ dìde. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

Ohun tí kò jẹ́ kó tètè gbà gbọ́ ni pé kò sí ọdún kan tí wọn kì í kọ́kọ́ pe Ọládiméjì Adésànyà, ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ńlá ní Ìkẹjà. Òun àti Kùdírátù ti ń bá ara wọn du oníbàárà láti Ìju títí dé Ọ̀pẹ̀bí. Bí Kùdírátù bá bá kọ́ńtírátọ̀ kan sọ̀rọ̀ láàárọ̀, Adésànyà á ti dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kì í jà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaja." "Ẹ kú iṣẹ́, Alhaji." Ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí, Adésànyà ni wọ́n pè ṣìkejì. Òun náà ló sì kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́ fún Kùdírátù. Kùdírátù rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ̀bùn ọdún náà kì í ṣe fíríìjì, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Oyinadé, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó àwọn dílà ní ilé-iṣẹ́ náà, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní àwọn tó tajà jù máa wọ ọkọ̀ ojú omi kiri àwọn erékùṣù Kàríbíà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí kálukú mú ẹnì kan dání.

"Kì í ṣe ọkọ̀ gàgàrà tó dà bí òtẹ́ẹ̀lì alájà púpọ̀ yẹn o," ni Oyinadé wí. "Ọkọ̀ kékeré ni. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ló máa mọ ara wọn lójú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ibi tí ọkọ̀ ńlá ò lè yà, tiwa á yà síbẹ̀. Ojoojúmọ́ la ó máa sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù ọ̀tọ̀, ká jẹ oúnjẹ wọn, ká rí ìlú wọn."

Gbọ̀ngàn pariwo, àmọ́ àyà Kùdírátù já. Ẹ̀rù omi máa ń bà á. Bí mọ́tò bá ń gba orí afárá ọ̀sà lọ sí Èkó, ńṣe ló máa ń di ojú. Nígbà tó délé tó sọ fún bàbá tó bí i, Alhaji Nùréènì Sàláwù, onílẹ̀ tí gbogbo àdúgbò wọn ní Agége mọ̀, bàbá arúgbó náà wò ó títí.

"Orí omi? Ilẹ̀ tá a ní ò tó ọ rìn ni?"

"Bàbá, wọ́n fún mi ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Lọ o. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti jáde láyé, o ò lọ ibì kankan. Ọlọ́run á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Láti ìgbà tí ọkọ Kùdírátù ti kú, bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù sí ilé ni. Kò sunkún mọ́, àmọ́ kò sí ohun tó ń wù ú náà. Ìrìn àjò yìí gan-an, torí Màríàm ló ṣe gbà láti lọ.

Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí wọn lójú nígbà tí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú ní erékùṣù Bàbédọ́ọ̀sì jọ ti Èkó, àfi pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ funfun báláú, ó dúró sí èbúté láàárín àwọn ọkọ̀ gàgàrà bí ọmọ ewúrẹ́ tó dúró láàárín ràkúnmí. Màríàm ń ya fọ́tò kiri. Kùdírátù ní tirẹ̀ di irin àtẹ̀gùn mú gírígírí, ó ń ka àdúrà lábẹ́ ahọ́n títí ó fi wọlé.

Nígbà tí wọ́n pè wọ́n síbi oúnjẹ, ó rí Ọládiméjì Adésànyà níwájú àwo rẹ̀ nídìí tábìlì kan, àga kejì ṣófo. Àwọn tó kù ti wá pẹ̀lú ọkọ, aya, tàbí ọmọ.

"Ẹni tẹ́ ẹ mú dání ńkọ́, sà?" ni Màríàm bi í.

"Mi ò mú ẹnì kankan. Ọmọ mi wà ní Kánádà. Ìyá rẹ̀ ti lọ sọ́run. Mo rò ó títí, mi ò rẹ́ni tí mo lè mú." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ bí ọjà ṣe rí, kò ṣe ojú àánú kankan.

Màríàm ò bi ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Ẹ gbé àwo yín wá sọ́dọ̀ wa, sà. Àyè wà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé Sẹ̀ńtì Lúṣíà. Òkè méjì ṣíṣóńṣó dìde láti inú òkun, wọ́n dúró ti ara wọn bí ìbejì. Ọkọ̀ ò lè sún mọ́ etí ilẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ rọ́bà kékeré ló máa gbé èrò dé etíkun. Kùdírátù dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó wo bí ọkọ̀ rọ́bà náà ṣe ń fò sókè sódò, ó sì yíjú padà.

"Ẹ máa lọ. N ó dúró dè yín."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni Màríàm ń wí nísàlẹ̀.

Adésànyà, tó ti wà nínú ọkọ̀ rọ́bà náà, na ọwọ́ sí i. Kùdírátù ò gbà á, torí kì í di ọwọ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà yára mọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì na agbòjò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Ẹ di agbòjò mú, Alhaja. Agbòjò kì í ṣe ọkùnrin."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kùdírátù kó tó mọ̀. Ó di agbòjò mú, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ rọ́bà. Omi ta sí i lójú. Ó retí kí ẹ̀rù tún bà á, àmọ́ ńṣe ni àyà rẹ̀ ń lù kìkì bíi ti ọmọdé tó gun jangirọ́fà. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jókòó sórí iyanrìn. Ó jókòó, ó tún rẹ́rìn-ín.

Àwọn èrò tó kù ń wo òkè. Kùdírátù àti Adésànyà ní tiwọn ń wo ògiri. Ilé pákó kékeré-kékeré wà ní ìlú náà, wọ́n kun òmíràn ní àwọ̀ ọsàn, òmíràn ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọ̀dà ń ṣí lára ọ̀kan nínú wọn. Kùdírátù fi èékánná ha ibẹ̀.

"Iyọ̀ òkun ló jẹ ẹ́," ni Adésànyà wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Kì í ṣe iyọ̀. Wọn ò fọ pákó yìí dáadáa kí wọ́n tó kùn ún."

"Alhaja, iyọ̀ ni. Ẹ wò ó bó ṣe rí wúrúwúrú."

"Tó bá jẹ́ iyọ̀ ni, òkè ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i."

Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, títí bàbá onílé fi jáde síta láti mọ ohun tí àwọn àlejò ń wá lára ògiri òun. Wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un. Bàbá náà gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó ní ọ̀rọ̀ wọn dùn, àmọ́ ewúrẹ́ òun ló máa ń fi ara ha ibẹ̀ láràárọ̀. Àwọn dílà méjèèjì wo ara wọn. Kùdírátù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì ní láti di ògiri náà mú.

Wọ́n dé Gìrénédà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ń mú wọn kiri kó wọn lọ sí oko kòkó kan lórí òkè. Adésànyà ò tíì sọ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì tó ti ń mí òórùn ibẹ̀ símú. Ó ká kòkó kan tí wọ́n gbà á láyè láti ká, ó là á, ó sì gbé e fún Kùdírátù.

"Ẹ lá omi ara rẹ̀. Ẹ má gé kóró rẹ̀ jẹ o."

"Ó dùn. Mi ò mọ̀ pé kòkó ń dùn báyìí."

"Èyí ni wọ́n fi tọ́ mi. Oko bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò ju èyí lọ. Ìgbà tí mo wá sí Ìkẹjà, mo sọ pé mi ò tún fẹ́ gbọ́ òórùn kòkó mọ́." Ó wo àwọn igi kòkó náà. "Ìyàwó mi ló máa ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ wo oko náà. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ọdọọdún ni iṣẹ́ ń pọ̀. Kò dé ibẹ̀."

Kùdírátù ò sọ pé kó pẹ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó ti gbọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́" púpọ̀, kì í gbọ́ ọ mọ́.

"Irú obìnrin wo ni wọ́n?" ló bi í.

Bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nìyẹn: ẹjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn láti máa dá fún ará àdúgbò, ọbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n sè tó sì ń sè. Kùdírátù náà sọ ti ọkọ rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pẹ́ sùn, tó máa ń gbàgbé bàtà rẹ̀ sí mọ́sáláṣí. Kò tíì sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín ló ń fi sọ ọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, àwọn òṣìṣẹ́ ń rìn lórí rẹ̀ láìwọ bàtà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rú u kó lè gbẹ dáadáa. Wọ́n ní kí àlejò tó bá fẹ́ wá gbìyànjú. Kùdírátù ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nínú kòkó gbígbóná náà, ojú rẹ̀ ń tàn. Màríàm gbé fóònù sókè láti yà á. Nígbà náà ló rí Adésànyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe kòkó ni ọkùnrin náà ń wò. Màríàm gbé fóònù wálẹ̀.

Erékùṣù tó kẹ́yìn ni Kàríakù, ibi kékeré tí ìjì líle kan bà jẹ́ ní ọdún bí mélòó kan sẹ́yìn. Òrùlé titun ń dán lórí ilé púpọ̀, òórùn ọ̀dà tútù sì wà káàkiri. Bí wọ́n ti ń gun òkè kan lọ, wọ́n dé agbo ilé kan níbi tí ìkòkò ńláńlá wà lórí iná níta. Àwọn ènìyàn ń pín ìrẹsì àti ẹran fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, ọmọdé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń bù fún. Ìyá arúgbó kan na àwo sí Kùdírátù. Kùdírátù bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe.

"Saraka," ni ìyá náà wí. Ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé náà tán padà ni, àwọn sì ń dúpẹ́.

Àwo náà dúró lọ́wọ́ Kùdírátù. "Kí lẹ pè é?"

"Saraka. Àwọn ìyá ńlá wa tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà ló fi í sílẹ̀ fún wa."

"Sàráà," ni Kùdírátù wí jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí Adésànyà. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Sàráà ni. Wọ́n gbé e gba orí gbogbo omi yìí, kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó jókòó sórí òkúta, ó jẹ oúnjẹ náà tán pátápátá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn tí kò lè ṣàlàyé. Adésànyà jókòó sórí òkúta tó kọjú sí tirẹ̀. Ó dúró títí Kùdírátù fi jẹun tán.

"Alhaja, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́."

"Mò ń gbọ́."

"Àárọ̀ tí wọ́n pe orúkọ yín ní Orégùn, inú mi dùn ju ìgbà tí wọ́n ń pe tèmi lọ. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Tá a bá padà délé, mo fẹ́ wá kí Alhaji, bàbá yín. Kì í ṣe torí ọ̀dà."

Kùdírátù gbé àwo sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé àgbà ti dé sí òun. Ó fẹ́ sọ pé kí ni ayé máa wí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Alhaji, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà tẹ́ ẹ ń pè mí ní Alhaji. Diméjì ni orúkọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, Diméjì."

Ó sọ orúkọ náà, ó sì yára dìde, torí ẹnu rẹ̀ ò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Màríàm ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe padà dé inú ọkọ̀, ó tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ènìyàn ò pọ̀ sí. Òòrùn ń wọ̀, gbogbo òkun pupa.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń bá bàbá Ìjẹ̀bú yẹn ṣe?"

"Ó ní òun fẹ́ wá kí bàbá wa."

"Ẹ sì dá a lóhùn?"

"Mo ní kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Màríàm yíjú sí òkun. "Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀. Láti ìgbà tí Dádì ti kú, mo ti ń ṣe gbogbo nǹkan kí ẹ lè rẹ́rìn-ín, ẹ ò ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ọkùnrin yìí fi ṣe é. Ó dà bí ẹni pé ẹ ti gbàgbé Dádì."

Kùdírátù fẹ́ dì í mọ́ra, Màríàm yẹra.

"Ṣọ́ọ̀bù yín ló ń wá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń bá yín du Agége. Nígbà tí kò rí i gbà níta, ó ní òun á wọlé wá gbà á. Èmi ni mo sì ní kó wá jókòó tì wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kùdírátù lára ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tí wọ́n fi dé Agége padà, ayọ̀ náà ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ iyè méjì ti bá a gbé.

Adésànyà ò rán ẹlòmíì ju Oyinadé lọ. Ọmọbìnrin náà gbé mọ́tò ilé-iṣẹ́ wá sí Agége lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó kúnlẹ̀ fún Alhaji Nùréènì.

"Bàbá, ọ̀dà ni wọ́n gbà mí sí o. Mi ò mọ ìgbà tí mo di alárinà." Ó jíṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rín, pé Adésànyà fẹ́ wá tọrọ Kùdírátù.

Alhaji Nùréènì ò rẹ́rìn-ín. Ó pe Kùdírátù jókòó.

"Mùsùlùmí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mùsùlùmí ni wọ́n láti ilé."

"Ìyẹn dára. Ohun tí kò dára ni èyí: ológbò tó ti ń lé eku láti ọdún gbọọrọ, tó wá dúró lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ fi eku ṣaya, ṣé ebi kọ́ ló ń pa á? Mi ò gbà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí ilẹ̀ Sàláwù ló wà."

Oyinadé lọ. Kùdírátù ò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Òru ọjọ́ náà kò dára fún un, torí òun náà ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn.

Kò pẹ́ sí i ni Màríàm mú ìròyìn kan wálé. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà náà fẹ́ pa Agége àti Ìkẹjà pọ̀ sábẹ́ dílà kan ṣoṣo. Wọ́n sì ti fi lọ Ọládiméjì Adésànyà.

Kùdírátù mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ó wakọ̀ gba Agége Motor Road títí dé Ìkẹjà, ó ń to ọ̀rọ̀ líle jọ bí ó ti ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù Adésànyà kò jìnnà sí Computer Village, ariwo àwọn tó ń ta fóònù ń wọ inú rẹ̀. Ọkùnrin náà wà láàárín garawa ọ̀dà. Bó ṣe rí i, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ jẹun.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni Kùdírátù wí lórí ìdúró.

"Òótọ́ ni. Wọ́n fi lọ̀ mí."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ojú ń tì mí ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. "Tí mo bá sọ fún yín pé inú mi ò dùn, irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ Agége. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, inú mi dùn títí mo fi délé. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí ẹni tó wà níbẹ̀, oúnjẹ ò sì lọ mọ́. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín láìjẹ́ pé mo padánù yín."

Kùdírátù wá irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. Ó ti múra sílẹ̀ de ẹni tó máa búra pé òun ò fẹ́ Agége láéláé. Ìyẹn ni kì bá tí gbà gbọ́. Ó fa garawa ọ̀dà kan sún mọ́ra, ó jókòó lé e.

"Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n fi Ìkẹjà lọ̀ ńkọ́?" ni ọkùnrin náà bi í.

Kùdírátù rò ó. Ó rò ó dáadáa. "Kí wọ́n tó sọ ọ́ délẹ̀, mo ti gbà á."

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ yọjú láti ìta.

"Ẹ gbọ́," ni Kùdírátù wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà bọ̀. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Orégùn. Ká ní kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá tajà jù ni kó mú méjèèjì. Ẹ ò ní rọra fún mi, mi ò ní rọra fún yín."

"Tí mo bá wá borí yín ńkọ́?"

"Ẹ ò lè borí mi. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá borí mi, ọjà lẹ borí. Ìgbéyàwó wà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀."

Wọ́n lọ sí Orégùn pọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé-iṣẹ́ gbà.

Irú oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ò tíì sí rí láyé Kùdírátù. Òwúrọ̀ kùtù ló ń jí. Ó kó ọ̀dà dé àwọn ibi tí ẹnì kan ò tíì kó o dé, ó bá àwọn onílé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, ó bá àwọn lemọ́mù sọ̀rọ̀, ó lọ bá àwọn tó ń kọ́ ilé ńlá ní Ìkẹjà GRA, láàárín agbègbè Adésànyà gan-an. Adésànyà náà ò sùn. Ó gba iṣẹ́ ọ̀dà ilé ìwòsàn aládàáni kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní Agége, ó sì pè é lórí fóònù láti sọ fún un kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Kùdírátù bú u pé ọmọ Ìjẹ̀bú olójúkòkòrò, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń bú u.

Màríàm ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yìí. Ó ń gbọ́ ìpè wọ̀nyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ ní gbàgede, òun nìkan, ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.

"Bàbá àgbà, mo wá bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ Mọ́mì."

"Ìwọ tó o ní ṣọ́ọ̀bù ni ọkùnrin náà ń wá?"

"Èmi ni. Mo ti wò ó. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀tàn gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, ńṣe ló máa ń rọra. Èyí ò rọra rárá. Ojúkojú ló ń bá wọn dù ú." Ó wo ilẹ̀. "Mọ́mì ti ń kọrin nílé ìwẹ̀, Bàbá àgbà. Mo kọ́kọ́ bínú sí orin yẹn. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé nígbà tí Dádì wà láyé, wọ́n máa ń kọ ọ́. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé Dádì. Ńṣe ni wọ́n padà wá."

Alhaji Nùréènì gbé ọwọ́ lé e lórí. "Sọ fún alárinà yẹn kó mú un wá."

Adésànyà wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Oyinadé ṣíwájú wọn. Ó dọ̀bálẹ̀. Alhaji Nùréènì ò ní kó dìde kíákíá.

"Mo gbọ́ pé o gba ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tí o bá fẹ́ ẹ tán, wàá dá a padà?"

"Rárá, Bàbá. Kó wá gbà á padà fúnra rẹ̀. Ó sì máa gbà á, mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá arúgbó náà kọjú sí Kùdírátù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Kùdírátù ò tíì sọ irú rẹ̀ lójú bàbá rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ fún wọn lọ́mọ. Mo fẹ́ wọn."

Bàbá náà mi orí pé òun gbà. "Dìde ńlẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Oṣù mẹ́ta pé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ka ọjà, Kùdírátù ló fi díẹ̀ ṣíwájú. Àmọ́ ohun tí àwọn méjèèjì tà pọ̀ débi pé àwọn ọ̀gá Orégùn sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn láti fi ẹnì kan ṣoṣo síbẹ̀. Kí kálukú dúró sáyè rẹ̀, kí wọ́n sì máa jà á lọ. Oyinadé ló mú ìdáhùn náà wá. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí ìjà ti ń ṣe ọ̀gá láǹfààní tó báyìí rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì ní mọ́sáláṣí àdúgbò Sàláwù ní Agége, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹbí ló wà níbẹ̀, kò pọ̀. Màríàm ló wé gèlè fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí lemọ́mù bi Kùdírátù bóyá ó gbà, ó dáhùn kí ìbéèrè tó parí, àwọn àgbàlagbà sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ mu tíì ní ilé titun wọn, kálukú sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Kùdírátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ní Agége nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ìyàwó mi," ni Diméjì wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. "Mo ní kí n sọ fún yín kí ẹ tó gbọ́ níta. Kọ́ńtírátọ̀ yín tó wà ní Ìju, mo ti gbà á."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi," ni Kùdírátù wí. Ó fi èjìká di fóònù náà mú sétí, ó ń sàmì sí garawa tí wọ́n ń kó sínú mọ́tò akẹ́rù níwájú rẹ̀. "Ẹ yọjú wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹni tó wà lápá ọ̀tún yín. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ra ọ̀dà, mọ́tò mi máa tó dé ibẹ̀."